Orí Kẹrin: Yíyọ Ìpáàrà àti Ọ̀dà Àtijọ́ Kúrò Lára Irin Ọkọ̀

Ìsarà ní Rẹ́mọ ti mọ ọkọ̀ tipẹ́. Ọba Samuel Akínsànyà, tó di Ọdẹ́mọ ní 1941 tó sì wà lórí oyè títí di 1985, ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Nàìjíríà kí wọ́n tó fi í jọba. Láti ayé ìgbà náà ni oríṣiríṣi ọkọ̀ ti ń wọ ìlú: lọ́rì Bedford onígi, Morris Minor, Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, àti Peugeot 504. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Èkó. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ méjèèjì yìí fi pọ̀ ní Rẹ́mọ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ ṣì máa rí wọn lẹ́yìnkùlé àwọn ilé àgbà, lórí búlọ́ọ̀kù, lábẹ́ igi máńgòrò.

Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ jí ọkọ̀ bàbá òun dìde, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún un ni pé kó gbé e fún panẹ́lì-bítà, kí ìyẹn fi bọ́dì fílà dí gbogbo ibi tó ti jẹ, kó sì kùn ún. Mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn rárá. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ìpáàrà tí a bá fi fílà bò kò kú, ó ń jẹun lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun ni, yóò sì tún yọjú kí òjò ọdún méjì tó kọjá lórí rẹ̀. Irin tí a ò bá tíì rí ojú rẹ̀, a ò tíì tún un ṣe. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni orí ìwé yìí fẹ́ kọ́ yín: ẹ họ ọ́ títí ẹ ó fi rí irin, ẹ lo oògùn tó bá irú irin náà mu, kí ẹ sì bò ó kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Ohun tó ń jẹ irin

Irin, omi àti afẹ́fẹ́, mẹ́ta yìí ló ń pàdé tí ìpáàrà fi ń wáyé. Iyọ̀ àti ásíìdì á wá mú un yára. Ìpáàrà máa ń wú ju irin tó ti wá lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè, tí ọ̀dà á fi lé roro kó tó bẹ́. Ó tún máa ń fa omi mọ́ra, kì í jẹ́ kí irin abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, irin tó wà níhòhò á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún kíákíá. Ní àgbègbè wa, láti ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí yóò fi dá, ọ̀rinrin kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pàápàá lóru àti láàárọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá ti ní ibi tí eruku kò ti ní bà lé ọ̀dà tútù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó họ ọ́

Ẹ mú òòfà kékeré dání (èyí tó wà nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ á ṣe é), ẹ mú sukurudúráfà àti ẹfun tí ẹ ó fi sàmì. Ẹ fi òòfà náà rìn lára ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí kò bá ti fà mọ́ra lára irin ọkọ̀, fílà ló wà níbẹ̀, ẹ fi ẹfun yí i po. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdí sukurudúráfà máa kan ara irin. Irin tó yè á dún gbiin, èyí tó ti jẹra á dún pọ̀kọ̀. Níbi tó bá ti dún pọ̀kọ̀, ẹ fi ẹnu sukurudúráfà tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ó sàn kó lu lọ́wọ́ yín lónìí ju kó lu lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lọ́la.

Ipele mẹ́ta ni ìpáàrà pín sí:

1. Ti ojú irin. Ó pupa, ó dà bí eruku, ṣùgbọ́n irin abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú. Ọwọ́ àti sánpépà tó o.
2. Eléèépá. Ó ti nípọn, ó ń ṣí bí èèpo, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti ní kòtò wẹ́wẹ́. Èyí ló nílò oògùn.
3. Èyí tó ti lu. Kò sí oògùn tó lè dá irin tó ti jẹ tán padà. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé e kúrò dé ibi tí irin ti yè, kó sì jó páànù tuntun mọ́ ọn.

Lára Ìjàpá, ẹ kọ́kọ́ gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì máa ń wà, ásíìdì tó sì ń kán sílẹ̀ níbẹ̀ ti jẹ páànù ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ Ìjàpá tán. Ẹ tún wo ọ̀pá oníhò gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Lára 504, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ búùtù, etí ibi tí táyà ń yí sí, àti ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ lábẹ́ igi, ewé á kún ibẹ̀, á dí ihò tí omi ń gbà jáde, omi á wá dúró lórí páànù látàárọ̀ dalẹ́.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ibì kan, inú ọ̀rá kan ni kí wọ́n wà, kí ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti tú wọn sára ọ̀rá náà.

Ààbò yín

Igi ganganran má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀dà ọkọ̀ àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, pàápàá èyí tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa. Ẹni tó bá ń fa eruku rẹ̀ símú ń kó májèlé jọ sínú egungun ni, àwọn ọmọdé ló sì ń pa lára jù. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọ wẹ́wẹ́ tí òjé pa, nítorí eruku òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ láàárín ilé àti ìlú. Òjé kan náà ni. Ẹ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dáná àti ibi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí ẹ lè kó gbogbo ohun tó bá bọ́. Ẹ máa fi omi rin ín bí ẹ bá ń fi sánpépà họ ọ̀dà, kí eruku má baà fò. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ilé.

Awò tó bo ojú, ìbòmú tó mú ẹnu àti imú dáadáa, ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀: ẹ má ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Nǹkan mẹ́ta mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí:

- Ẹ má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú bíréèkì àtijọ́. Asbestos wà lára bíréèkì ayé ìgbà náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ sì fi àkísà nù ún.
- Ẹ má jó táǹkì epo, ẹ má fi fáìlì maṣíìnì kàn án, ẹ má sì gbé iná sún mọ́ ọn, kódà bó ti gbẹ láti ọdún mẹ́wàá. Ooru epo tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù.
- Ẹ má fi iyanrìn odò fọ́n irin. Eruku rẹ̀ ń dá egbò sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ṣeé wò sàn. Láti 1949 ni Bìrìtìkó ti fòfin de irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá gbé ṣáásí tàbí ríìmù lọ fún àwọn tó ń fọ́n irin, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń lò. Ẹ má sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀kùn fún wọn, nítorí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń ká lábẹ́ agbára ẹ̀rọ náà.

Ẹ kọ́kọ́ fọ epo kúrò

Kò sí oògùn tó lè ràn lára irin tó ní gíríìsì. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má lo pẹtiróòlù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọ́n omi sí i lára: bí omi bá tẹ́ káàkiri, ó ti mọ́, bó bá ṣù jọ ní ẹ̀kán ẹ̀kán, epo ṣì wà níbẹ̀.

Yíyọ ọ̀dà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí irin náà bá ṣe tó àti bó ṣe rí ni yóò sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà.

*Sánpépà.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 80, ẹ bọ́ sí 120, kí ẹ sì parí pẹ̀lú 180. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ojú yín rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà. Ẹ ká fẹ́ńdà 504 kan tó ti ṣe kabúkabú rí, kí ẹ họ ojú ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Etí ibi tí ẹ họ náà á yọ òrùka òrùka: ọ̀dà tuntun lóde, fílà aláwọ̀ eérú tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, pupa ti rẹ́ẹ̀dì ọ́kísáìdì, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní ilé-iṣẹ́, púráímà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà irin funfun tó ń dán láàárín gbùngbùn. Bí fílà bá nípọn ju owó kọ́bọ̀ lọ, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ti kọlu nǹkan níbẹ̀ rí tàbí pé irin ti jẹ. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe iyebíye. Ẹ wá ibi tó pamọ́, bí abẹ́ búùtù tàbí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láìhọ. Òun ni ẹ ó fi han ẹni tó ń po ọ̀dà nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá àwọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ padà.

*Oògùn ayọ̀dà tí wọ́n ń tà nínú agolo.* Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ẹ́ kó nípọn, ẹ fi ọ̀rá bò ó kó má baà tètè gbẹ, kí ẹ sì dúró bíi ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó fi abẹ ìhọ̀dà họ ọ́. Àárọ̀ kùtù lábẹ́ ìbòòji ló dára, nítorí oòrùn máa ń gbẹ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú oògùn yìí ní methylene chloride, èyí tó ti pa àwọn tó lò ó nínú yàrá tó sé. Gbangba ni kí ẹ ti máa lò ó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

*Kọ́sítíìkì sódà.* Ohun tí àwọn aṣọṣẹ ń rà lọ́jà Ṣàgámù yìí ló dára jù fún irin kéékèèké: ìdè ilẹ̀kùn, bùràkẹ́ẹ̀tì, ríìmù. Kílò 1 nínú omi lítà 10, nínú ike tó nípọn. Inú omi ni kí ẹ ti máa da sódà sí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé sódà lórí láéláé, yóò hó, yóò sì ta sí yín lójú. Ẹ ki irin bọ̀ ọ́ mọ́jú, ọ̀dà á rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á sì kó o kúrò. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án. Bó bá ta sí yín lára, ẹ bu omi sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn; bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣan án.

Ẹ má dáná sun ọ̀dà. Èéfín rẹ̀ ń gbé òjé wọ inú yín tààrà, iná náà sì ń ká páànù.

Yíyọ ìpáàrà

*Búrọ́ọ̀ṣì onírin.* Ó dára fún ipele kìíní, àti láti fi dín ipele kejì kù kó tó wọ oògùn. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì sí ẹnu fáìlì maṣíìnì, ẹ bo ojú, nítorí wáyà rẹ̀ máa ń já fò. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: búrọ́ọ̀ṣì máa ń dán ojú ìpáàrà, yóò pọ́n dúdú bí ẹni pé ó ti mọ́. Ìpáàrà tó ń dán kì í ṣe irin. Irin tó mọ́ máa ń ní àwọ̀ fàdákà, kódà nínú kòtò rẹ̀ tó kéré jù.

*Ásíìdì tó rọlẹ̀.* Fínígà ilé ìdáná, tàbí ásíìdì ọsàn tí wọ́n ń tà ní lẹ́búlẹ́bú, gíráàmù 50 nínú lítà omi kan. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ gan-an á ṣe é fún ohun kéékèèké. Omi ògì kíkan náà ní ásíìdì, ṣùgbọ́n kò lágbára tó. Ẹ rẹ irin sí i fún wákàtí díẹ̀ títí dé òru kan, ẹ yọ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, ẹ wò ó, kí ẹ tún dá a padà bó bá yẹ. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí bí ìpáàrà bá tán, irin gan-an ni ásíìdì á kọjú sí. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ fi omi tí ẹ ti po béékìn sódà sí ṣan án, kí ásíìdì tó sá sínú kọ̀rọ̀ lè kú.

*Iná bátìrì.* Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún irin tí ìpáàrà ti wọ inú kòtò rẹ̀, nítorí kì í jẹ irin tó yè. Ẹ wá ike ńlá, omi lítà 20, àti sódà áàṣì bíi ṣíbí ìjẹun 5 sí 10. Ẹ gbé irin yín sáàárín, kí ẹ to rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé yí i ká, kí rọ́ọ̀dù kankan má ṣe fara kan irin yín. Ẹ lọ bá réwáyà, ẹ yá ṣájà bátìrì 12 fóòtì. Okùn dúdú, ìyẹn nẹ́gétíìfù, ni kó di irin yín mú níbi tí ẹ ti họ tó mọ́. Okùn pupa ni kó di rọ́ọ̀dù mú, kí ẹnu okùn náà wà lókè omi. Ẹ tan iná. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru fóòfó lára irin yín, rọ́ọ̀dù ni yóò máa jẹ. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan títí di ọjọ́ kejì, ìpáàrà pupa á ti di ẹrẹ̀ dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lè kó. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ má fòyà, omi sódà kì í jẹ́ kí irin tètè dógùn-ún. Ẹ máa pa ṣájà kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Fóòfó yẹn jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni, láìsí sìgá láìsí ààrò nítòsí. Ẹ má lo ṣíbí tàbí irin tí kì í dógùn-ún dípò rọ́ọ̀dù, ẹ má sì ki bọ́ńpà oníkíróòmù bọ̀ ọ́, nítorí ó ń sọ kíróòmù di májèlé nínú omi.

*Phosphoric acid.* Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìpáàrà tí àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀ máa ń tà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí kò ṣeé tú, bí ìsàlẹ̀ páànù. Yóò sọ ìpáàrà tó kù di ẹ̀pá dúdú tàbí eléérú tó di irin mú. Ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ kí ẹ tó kùn ún.

Àwọn kan ń lo ásíìdì bátìrì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ó ń jẹ irin tó yè, ó ń jóni, ó sì ń sọ irin líle di ohun tó ń kán lójijì. Sípíríǹgì àti bóòtù bíréèkì tàbí ti sítíà kò gbọdọ̀ wọ ásíìdì kankan, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ inú omi iná. Ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni tiwọn, bí kòtò bá sì ti wà lára wọn, ẹ pààrọ̀ wọn.

Irin wo, oògùn wo?

- Páànù ara ọkọ̀: sánpépà, oògùn ayọ̀dà, phosphoric acid.
- Ríìmù, ìdè ilẹ̀kùn, bùràkẹ́ẹ̀tì: kọ́sítíìkì sódà fún ọ̀dà, iná bátìrì fún ìpáàrà.
- Orí ẹ́ńjìnnì 504: alumíníọ̀mù ni. Kọ́sítíìkì sódà á jẹ ẹ́ run. Kẹrosíìnì, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni.
- Ara ẹ́ńjìnnì Ìjàpá: maginísíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Sódà kò burú fún un bí ásíìdì, ṣùgbọ́n ẹ má lo èyíkéyìí. Ẹ má sì fi fáìlì maṣíìnì lọ̀ ọ́, nítorí èérún rẹ̀ lè gbiná, omi kò sì lè pa iná náà.
- Kábú: síńkì ló pọ̀ nínú ara rẹ̀, fínígà gan-an ń jẹ ẹ́. Oògùn tí wọ́n ń fi fọ kábú nìkan ni.
- Bọ́ńpà oníkíróòmù: omi ọṣẹ àti bébà fàdákà rírọ̀ tí ẹ rin. Ẹ má fi sánpépà kàn án.

Bíbò irin

Ibí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ kò ní ààbò kankan, òógùn àtẹ́lẹwọ́ gan-an tó láti dá ipa ìka pupa sí i lára kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ gbígbẹ dì í mú. Ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbóná díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fi àkísà mímọ́ tó ní tínnà nù ún, kí ẹ sì kùn ún ní púráímà lọ́jọ́ náà. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ fi ìparí iṣẹ́ dọ̀la. Irin tó ṣì ní ìpáàrà lè dúró dè yín, èyí tí ẹ ti họ kò lè dúró.

Púráímà tó ní síńkì tàbí èyí tó jẹ́ epóxì ló ń dáàbò bo irin jù. Rẹ́ẹ̀dì ọ́kísáìdì tí àwọn wẹ́dà ń lò kò burú, ṣùgbọ́n omi lè gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ láìkun ọ̀dà lé e. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tẹnu mọ́ etí àti ojú ibi tí wọ́n jó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ń fẹ́lẹ́ sí jù. Inú kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé, bí ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fún gíríìsì yíyọ́ tàbí ìda sínú rẹ̀.

Omi sódà àti ásíìdì tí ẹ lò, ẹ má dà á sẹ́bàá kànga tàbí sí odò. Ẹ da èyí tó jẹ́ sódà díẹ̀díẹ̀ mọ́ èyí tó jẹ́ ásíìdì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ nínú ike. Èérún ọ̀dà tó ní òjé, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì. Ẹ má sun ún, ẹ má sì kó o sí oko.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ pupa, sórí kọnkéré tàbí búlọ́ọ̀kù, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ máa ń gun abẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbá ewé kúrò nísàlẹ̀ gíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa fi wáyà yọ ihò omi. Ẹ má fi tapólì dì í pinpin, nítorí ooru á di omi sínú rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ irú púráímà àti ọ̀dà tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ lò ó sínú rẹ̀. Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá dá, ẹ mú òòfà àti sukurudúráfà, kí ẹ yẹ gbogbo ibi tí mo dárúkọ wò. Ibi tó bá ti yọ roro, tó kéré bí ìdí abẹ́rẹ́, ẹ họ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, wẹ́dà ni ẹ ó wá pè.